Ọ̀pọ̀lọ́ Inú Ihò Àpáta: Ẹlẹ́rìí Ìgbà tí Kò sí Òpìtàn

Àwọn àgbà ní ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ni ó ń lé e. Ìwà ọmọ ènìyàn ni a máa ń fi òwe yìí bá wí, a kì í sì í ronú kan ọ̀pọ̀lọ́ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ara balẹ̀ wo òwe náà, a ó rí i pé ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á ti ṣọ́ ọ̀pọ̀lọ́ pẹ́. Ó mọ̀ pé ẹ̀dá tí awọ rẹ̀ ń fẹ́ ọ̀rinrin ni, pé oòrùn ọ̀sán kò bá a lára mu, àti pé bí a bá rí i níta ní àkókò tí kò yẹ kí ó jáde, ohun kan ti ṣẹlẹ̀ ní àyíká. Ẹni náà ti sọ ọ̀pọ̀lọ́ di ẹlẹ́rìí. Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí kò jìnnà sí èyí. Mo fẹ́ sọ bí àwọn onímọ̀ ṣe ń pe eegun ọ̀pọ̀lọ́, àkèré, alángbá àti ejò, èyí tí ó ti wà nínú ihò àpáta láti ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún, kí wọ́n wá jẹ́rìí nípa irú ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn àkọ́kọ́ bá nígbà tí wọ́n dé ibì kan.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè ohun tí ó pa ọ̀pọ̀lọ́ pọ̀ mọ́ ìtàn. Ojú tí ọ̀pọ̀ wa fi ń wo ìtàn ni pé ó gbọ́dọ̀ ní ọba nínú, kí ó ní ogun, kí ó ní ìlú àti ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ dó. N kò bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ibi tí okùn ìtàn àtẹnudẹ́nu lè gùn dé. Oríkì orílẹ̀, ìtàn ìdílé àti orin ọdún ìbílẹ̀ lè mú wa dé ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ìwé kíkọ, níbi tí ó ti pẹ́ jù lọ láyé, fi díẹ̀ ju 5,000 ọdún lọ. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún ni ènìyàn àti àwọn tí ó jọ ènìyàn ti fi ń rìn lórí ẹsẹ̀ méjì kí ẹnikẹ́ni tó mú gègé. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá bi mí ní kíláàsì bóyá ìtàn ni èyí náà, èsì mi ni pé ìbéèrè tí a ń bi eegun wọ̀nyí kì í ṣe ti ẹranko rárá. Ti ènìyàn ni: kí ni wọ́n bá níbẹ̀, báwo ni wọ́n sì ṣe rí i gbé?

Ibi tí mo fẹ́ mú wa lọ ni òkè Atapuerca ní apá àríwá ilẹ̀ Sípéènì, nǹkan bí kìlómítà 15 sí ìlà-oòrùn ìlú Burgos. Kì í ṣe òkè tí ènìyàn ń tìtorí gíga rẹ̀ lọ wò. Téńté orí rẹ̀ kò ju nǹkan bí mítà 1,080 lọ sí ojú òkun. Inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Irú òkúta tí ó pọ̀ níbẹ̀ ni irú èyí tí a ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ńtì, òkúta tí omi òjò máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Omi jẹ ẹ́ títí ó fi di ihò lóríṣiríṣi, ihò mìíràn ń wọ inú ihò, mìíràn sì yanu sí òkè bíi kànga. Lẹ́yìn náà ni erùpẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ ń wọ́ wọ inú wọn, ìpele lórí ìpele, títí púpọ̀ nínú wọn fi kún dé ẹnu.

Bóyá a kì bá tí mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀ bí kì í bá ṣe ti rélùwéè. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ilé-iṣẹ́ awakùsà kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti fi kó èédú àti irin jáde láti inú àwọn òkè ńlá agbègbè náà. Dípò kí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ òkè Atapuerca kọjá, àárín rẹ̀ ni wọ́n là já, ó sì jin tó nǹkan bí mítà 20 ní àwọn ibì kan. Ṣe ni ó dà bí ìgbà tí a bá fi ọ̀bẹ gé búrẹ́dì sí méjì: gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ hàn síta. Ọkọ̀ ojú irin náà kò rìn pẹ́ rárá. Àwọn tí ó ná owó sórí rẹ̀ pàdánù, ṣùgbọ́n ìmọ̀ jèrè.

Ní 1976, Trinidad de Torres, ẹni tí ń wá eegun béárì ayé àtijọ́ kiri, bá eegun ènìyàn pàdé nínú ọ̀kan nínú àwọn ihò náà. Láti 1978 ni Emiliano Aguirre ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwalẹ̀ níbẹ̀ ní pẹrẹu. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, Juan Luis Arsuaga, José María Bermúdez de Castro àti Eudald Carbonell gba iṣẹ́ náà ṣe láti 1991. Ohun tí wọ́n ti rí níbẹ̀ pọ̀ ju ohun tí àpilẹ̀kọ kan lè kó tán. Nínú ihò kan tí wọ́n ń pè ní Sima de los Huesos, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Kòtò Eegun, ó kéré tán ènìyàn 28 ni eegun wọn wà níbẹ̀ láti nǹkan bí 430,000 ọdún sẹ́yìn. Ní ọdún 2000, àjọ UNESCO fi Atapuerca kún àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Èmi yóò fi gbogbo ìyókù sílẹ̀, n ó sì dúró ní ihò kan ṣoṣo, Gran Dolina, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọ́ ti sọ̀rọ̀ jù lọ.

Àwọn awalẹ̀pìtàn pín erùpẹ̀ inú Gran Dolina sí ìpele mọ́kànlá, wọ́n ń kà wọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè, láti TD1 dé TD11, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ka àjà ilé alájà púpọ̀. Ní 1994 ni wọ́n rí eegun ènìyàn nínú TD6 pẹ̀lú òkúta tí wọ́n gbẹ́ fi ṣe irinṣẹ́. Ní 1997, àwọn olùwádìí náà sọ pé irú ènìyàn kan tí a kò tíì mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, wọ́n sì sọ ọ́ ní Homo antecessor. Bí wọ́n ṣe mọ ọjọ́ orí rẹ̀ yẹ kí a mẹ́nu bà. Òòfà inú ayé, èyí tí ń mú kí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì kọjú sí àríwá, kì í wà lójú kan títí láé. Ní nǹkan bí 780,000 ọdún sẹ́yìn ni ó yí padà gbẹ̀yìn. Ṣáájú ìgbà náà, gúúsù ni abẹ́rẹ́ ìbá kọjú sí. Wóró irin kéékèèké inú erùpẹ̀ a máa tẹ̀lé òòfà yìí bí erùpẹ̀ bá ṣe ń rọ̀ sílẹ̀, kò sì ní yí padà mọ́. Ní Gran Dolina, òkè TD6 ni ìyípadà yìí ti hàn. Nítorí náà, ohunkóhun tí ó bá wà nínú TD6 gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ kí òòfà ayé tó yí. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lára eyín ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn náà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, fi í sí àárín nǹkan bí 770,000 ọdún àti 950,000 ọdún sẹ́yìn.

Ìgbésí ayé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò rọrùn. Ojú ọ̀bẹ òkúta wà lára eegun wọn gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lára eegun ẹran tí wọ́n jẹ, èyí sì fi hàn pé àwọn kan jẹ ẹran ara àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Wọn kò rí ẹ̀rí iná nínú TD6. Ibi tí kókó ọ̀rọ̀ sì wà nìyẹn. Burgos lókìkí ní Sípéènì títí di òní fún òtútù rẹ̀. Ìgbà tí a ń sọ yìí jẹ́ ìgbà tí ayé ń gbóná tí ó sì tún ń tutù léraléra, tí yìnyín ńlá ń bo apá àríwá Yúróòpù tí ó sì tún ń ká kúrò. Ẹni tí kò ní iná, tí a kò sì mọ̀ bóyá ó ní aṣọ, báwo ni yóò ṣe gbé níbẹ̀? Ṣé ara wọn ti mọ́ òtútù ni? Àbí ìgbà tí ilẹ̀ bá móoru nìkan ni wọ́n ń wá? Bí a bá mú ìdáhùn àkọ́kọ́, àwọn ènìyàn wọ̀nyí jẹ́ akíkanjú tí kò sí ojú ọjọ́ tí ó lè lé wọn. Bí a bá mú èkejì, àlejò ni wọ́n, ẹni tí ojú ọjọ́ gbà láyè fún ìgbà díẹ̀. Kò sí ẹni tí a lè bi àfi àwọn tí ó bá wọn gbé.

Ẹ̀dá kéékèèké ni mo ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n báwo ni eegun ọ̀pọ̀lọ́ ṣe dé inú ihò? Ọ̀nà rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Àwọn kan wọ ibẹ̀ fúnra wọn láti sá fún òtútù, wọn kò sì jí mọ́. Àwọn kan já sí i láti òkè, wọn kò rọ́nà jáde. Àgbàrá gbá àwọn mìíràn wọlé. Ṣùgbọ́n òwìwí ni a gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Bí òwìwí bá pa eku tàbí ọ̀pọ̀lọ́, òdidi ni ó máa ń gbé e mì. Ohun tí inú rẹ̀ kò bá lè dà, èyí ni eegun àti irun, a ká a jọ bí òkèlè, a sì pọ̀ ọ́ sílẹ̀ níbi tí ó bá bà sí. Ẹnu ihò àpáta sì wà lára ibi tí ó fẹ́ràn láti bà sí. Fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún ni òwìwí ń ṣe ọdẹ ní òru nínú pápá àti létí omi, tí ó ń kó oko rẹ̀ wá sílé. Ní ilẹ̀ wa, ẹyẹ àjẹ́ ni a ń pè é, bí ó bá sì ké lórí òrùlé ẹlòmíràn, onílé lè má sùn mọ́jú. N kò ní kí ẹnikẹ́ni yí èrò rẹ̀ padà. Mo kàn ń sọ pé ní Atapuerca, òun ni akọ̀wé.

Iṣẹ́ àtirí àwọn eegun náà kì í ṣe iṣẹ́ ọkọ́ àti ṣọ́bìrì. Eegun ọ̀pọ̀lọ́ mìíràn kò tó hóró ìrẹsì. Nítorí náà, àwọn awalẹ̀pìtàn kì í da erùpẹ̀ kankan nù. Wọn a dì í sínú àpò, wọn a kọ ibi àti ìpele tí wọ́n ti bù ú sí i lára, wọn a sì kó o lọ sí etí odò Arlanzón tí ó wà nítòsí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń bu omi sí i lórí asẹ́ tí wọ́n tò lé ara wọn, èyí òkè ní ojú ńlá, èyí ìsàlẹ̀ ní ojú wínníwínní. Ẹni tí ó bá ti wo ẹlẹ́kọ níbi tí ó ti ń sẹ́ ògì yóò mọ iṣẹ́ náà lójú, àfi pé èèrí ni àwọn ará ibí yìí ń wá, omi ni wọ́n sì ń jẹ́ kí ó lọ. Bí ó bá gbẹ, wọn a jókòó tì í pẹ̀lú awò tí ń mú nǹkan tóbi, wọn a máa ṣà á ní ẹyọ ní ẹyọ. Láti inú ihò àyẹ̀wò kan ṣoṣo ní apá gúúsù Gran Dolina, nǹkan bí 40,000 eegun ni wọ́n ṣà tí ó jẹ́ ti ọ̀pọ̀lọ́, àkèré, alángbá, ejò àti ìbátan wọn.

Ẹni tí ó wà nídìí kíka àwọn eegun náà ni Hugues-Alexandre Blain, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Tarragona ní Sípéènì, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bíi Salvador Bailon àti Gloria Cuenca-Bescós. Ní 2008 àti 2009 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Kíka eegun ní ọgbọ́n tirẹ̀. Agbárí ọ̀pọ̀lọ́ kì í sábà bọ́ lọ́wọ́ ìfọ́, ṣùgbọ́n eegun ìbàdí rẹ̀ tí ó gùn máa ń pẹ́, ó sì ní àmì tí a fi ń mọ irú kan yàtọ̀ sí òmíràn. Ọ̀tún kan, òsì kan ni ọ̀pọ̀lọ́ kọ̀ọ̀kan ní. Bí a bá rí ọgbọ̀n ti òsì àti ogún ti ọ̀tún, a mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọ́ kò dín ní ọgbọ̀n. Ti ejò le díẹ̀. Eegun ẹ̀yìn ejò kan lè ju 200 lọ, nítorí náà, ẹgbẹ̀rún eegun lè má ju ti ejò márùn-ún lọ. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò rò pé ejò ni ó kún gbogbo òkè náà.

Àwọn wo gan-an ni wọ́n rí? Púpọ̀ nínú wọn kò ní orúkọ ní èdè wa nítorí pé wọn kò sí ní ilẹ̀ wa, n ó sì kúkú sọ ìwà wọn. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tí ó fẹ́ràn ilẹ̀ gbalasa oníyanrìn tí igi kò pọ̀ níbẹ̀. Òmíràn ní èékánná líle bí ọkọ́ ní gìgísẹ̀ ẹ̀yìn, ó fi ń gbẹ́ ilẹ̀ rírọ̀, ó sì ń fi ẹ̀yìn wọlẹ̀. Ọ̀kan wà tí akọ rẹ̀ máa ń so ẹyin tí abo yé mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, tí yóò máa gbé e kiri títí yóò fi tó àkókò láti gbé e lọ sínú omi. Alángbá kan wà tí kò ní ẹsẹ̀ rárá, tí ènìyàn yóò rò pé ejò ni. Koríko tútù ni ibùgbé rẹ̀. Ejò omi tí ń pa àkèré jẹ wà níbẹ̀, paramọ́lẹ̀ ilẹ̀ Yúróòpù náà sì wà. Salamander tún wà, ẹ̀dá tí ó ní ìrísí alángbá ṣùgbọ́n tí awọ rẹ̀ tutù yọ̀rọ̀ bíi ti àkèré.

Ìdí méjì ni ẹ̀rí àwọn wọ̀nyí fi lágbára. Èkíní, wọn kò ní iná nínú ara wọn. Ẹran bí ẹ̀kùn tàbí ìkookò ń ṣe ooru ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó lè gbé níbi tí ó tutù àti níbi tí ó gbóná. Erin lè rìn láti ọ̀dàn dé igbó nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọ́ àti alángbá ń gba ooru lọ́wọ́ àyíká, wọn kò sì lè rìn jìnnà. Ibi tí a bá ti rí eegun wọn, kò jìnnà sí ibẹ̀ ni wọ́n gbé. Èkejì, àwọn tí ó wà nínú Gran Dolina kò yàtọ̀ sí àwọn tí ó wà láàyè ní Sípéènì àti agbègbè rẹ̀ lónìí. Ọ̀pọ̀ ẹranko ńlá ìgbà náà ti run tàbí ti yí padà di nǹkan mìíràn. Ènìyàn ìgbà náà pàápàá ti run. Ọ̀pọ̀lọ́ kò yí padà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí èyí ti ṣe pàtàkì tó, kí ó wo àwọn ihò Naracoorte ní gúúsù Ọsitrélíà, níbi tí àwọn kan ti ṣàwárí òkìtì eegun ní 1969. Nínú wọn ni eegun ejò ńlá kan wà tí wọ́n sọ ní Wonambi ní 1976. Ejò náà ti parẹ́ láyé pátápátá. A lè wọn eegun rẹ̀, a lè fojú bu bí ó ti gùn tó, ṣùgbọ́n a kò lè lọ wo ibi tí irú rẹ̀ ń gbé lónìí kí a mọ irú òjò tí ó fẹ́. Ti Gran Dolina, a lè lọ wò ó.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é kò ṣòro láti yé ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí a rò ó pé a bá àwọn oníṣòwò mẹ́ta pa pọ̀ ní ọjà kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Èkíní kì í ná ọjà mìíràn ju ti Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ àti Ìṣẹ́yìn lọ. Èkejì kì í ná ju ti Ọ̀yọ́, Ìṣẹ́yìn àti Ṣakí lọ. Ẹ̀kẹta, Ìṣẹ́yìn, Ṣakí àti Kíṣí ni tirẹ̀. Kò sí ibi tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lè pàdé àfi Ìṣẹ́yìn. Báyìí ni wọ́n ṣe bá àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí lò. Àwọn onímọ̀ Sípéènì ti pín gbogbo ilẹ̀ wọn sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, kìlómítà mẹ́wàá ní ìbú, mẹ́wàá ní òró, wọ́n sì ti kọ ọ̀pọ̀lọ́, alángbá àti ejò tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ nínú ìwé ńlá kan tí ó jáde ní 2002. Blain àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú gbogbo irú ẹ̀dá tí ó wà nínú ìpele kan, wọ́n wá ibi tí gbogbo wọn ń gbé pọ̀ lónìí, wọ́n sì wo bí ooru àti òjò ti rí níbẹ̀. Bí ibẹ̀ ti rí lónìí ni Atapuerca rí nígbà náà.

Kí ni wọ́n wá rí? Ní gbogbo ìpele tí ẹ̀rí ènìyàn wà, ìwọ̀n ooru ọdún kan wà láàárín 10 àti 13 ní ìwọ̀n Celsius, èyí tí ó fi díẹ̀ ga ju ti agbègbè náà lónìí lọ. Òjò ọdún kan wà láàárín mìlímítà 800 àti 1,000. Ti Burgos lónìí kò tó 600. Kí òǹkàwé lè rí i lójú, ti Ìbàdàn ju 1,200 lọ. Ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn TD6 bá nígbà náà jẹ́ ilẹ̀ tí ó tutù fún omi, tí koríko àti igi pín láàárín ara wọn, tí omi sì wà nítòsí tí àkèré àti ejò omi fi lè gbé. Ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ń yí padà láti ìpele dé ìpele ju òtútù ìgbà ọ̀gìnnìtìn lọ. Ohun tí ó sì ya àwọn olùwádìí náà lẹ́nu ni pé ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tí yìnyín bo àríwá Yúróòpù àti ìgbà tí ó ká kúrò kò hàn tó bí a ti lè retí.

Níbí ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan lè wí pé èyí fi hàn pé apá ibẹ̀ kò fi ìgbà kan tutù jù, pé òkun àti òkè dáàbò bò ó, ènìyàn sì lè máa gbé níbẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Ẹlòmíràn lè wí pé rárá, ìgbà tí ó dára nìkan ni ènìyàn wá, ìdí nìyẹn tí a fi ń bá wọn pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọ́ tí ó fẹ́ ooru. Lójú tèmi, èrò kejì ni ẹ̀rí tẹ̀ sí. Ìpele kan nínú ihò lè kó ẹgbẹ̀rún ọdún púpọ̀ jọ sójú kan. Bí òtútù líle bá jà fún igba ọdún láàárín wọn, tí òwìwí pàápàá fi ibẹ̀ sílẹ̀, àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò ní sí, nítorí pé ẹni tí ń kọ ọ́ ti lọ. Ìwádìí mìíràn tí ó jáde ní 2023, èyí tí wọ́n ṣe lórí ẹrẹ̀ tí wọ́n wà láti ìsàlẹ̀ òkun níwájú ilẹ̀ Pọtogí, sọ pé òtútù kan jà ní nǹkan bí mílíọ̀nù kan ọdún àti 150,000 sẹ́yìn, tí ó le débi pé ó ṣeé ṣe kí ó lé gbogbo ènìyàn kúrò ní Yúróòpù. Èyí bọ́ sí àárín àwọn ènìyàn méjì tí Atapuerca ní. Nínú ihò Sima del Elefante tí ó wà nítòsí, wọ́n rí eegun ojú ènìyàn kan ní 2022, wọ́n sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2025. Ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín mílíọ̀nù kan ọdún àti 100,000 sí mílíọ̀nù kan ọdún àti 400,000. Kò sì jọ Homo antecessor. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó kọ́kọ́ dé kọ́ ni bàbá àwọn ará TD6. Wọ́n wá, wọ́n lọ tàbí wọ́n kú tán, àwọn mìíràn sì wá lẹ́yìn wọn.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà pé ọ̀pọ̀lọ́ kò lè ṣini lọ́nà. Òwìwí ní ohun tí ó wù ú láti jẹ, ohun tí a sì rí nínú ihò jẹ́ ohun tí ó wù ú, kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wà ní pápá. Omi lè da erùpẹ̀ ìpele méjì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ibi tí ẹ̀dá kan ń gbé lónìí lè jẹ́ ibi tí oko àti ilé ènìyàn ṣẹ́ kù fún un, kí ó má jẹ́ gbogbo ibi tí ooru àti òjò ti gbà á láyè. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi ń fi eegun eku àti ẹbu òdòdó igi tí ó wà nínú erùpẹ̀ kan náà wé ohun tí ọ̀pọ̀lọ́ wí. Ẹlẹ́rìí kan ò tó dá ẹjọ́.

Àwa náà ní ihò. Ní 1965, Thurstan Shaw walẹ̀ ní Ihò Eléérú, nítòsí Ìsàrun ní apá Àkúrẹ́, ó sì rí eegun ènìyàn tí ó ti lé ní 11,000 ọdún níbẹ̀, pẹ̀lú irinṣẹ́ òkúta tí ó ju ìdajì mílíọ̀nù lọ. Iwo Eleru ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ẹni pé kò sí ọmọ Yorùbá kan láti bi léèrè. Ní 2011, àwọn tí ó tún agbárí náà wọ̀n sọ pé ìrísí rẹ̀ jọ ti àwọn ènìyàn tí ó ti pẹ́ jù ú lọ gan-an, ọ̀rọ̀ tí ó ti mú kí gbogbo ayé tún ojú wo Ihò Eléérú. Ìbéèrè irú ilẹ̀ tí ẹni náà gbé, bóyá igbó ni tàbí ọ̀dàn, ṣe kókó fún wa gẹ́gẹ́ bí ti TD6 ti ṣe kókó fún àwọn ará Sípéènì. Ṣùgbọ́n akọ òkúta ni àpáta tiwa, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kan, òjò sì pọ̀. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ a máa jẹ eegun run, pàápàá eegun tí kò tó hóró ìrẹsì.

Ilẹ̀ nìkan kọ́ ni ìṣòro. Kí a tilẹ̀ wí pé ẹnìkan rí ihò kan ní ilẹ̀ Yorùbá lọ́la tí eegun àkèré kún inú rẹ̀, kò ní rí i kà bí kò bá mọ ibi tí àkèré kọ̀ọ̀kan ń gbé lónìí. Iṣẹ́ ìwé 2002 ti Sípéènì nìyẹn. Ní kíláàsì mi, bí mo bá ní kí àwọn ọmọ dárúkọ ẹ̀dá tí ń dún lẹ́bàá omi, “ọ̀pọ̀lọ́” ni gbogbo wọn ń wí, bóyá ẹnìkan fi “àkèré” kún un. Àwọn òbí wọn àgbà mọ kọ̀ǹkọ̀ yàtọ̀ sí àkèré, wọ́n mọ èyí tí a ń jẹ àti èyí tí a kì í jẹ, èyí tí ń gun igi àti èyí tí ń ti inú ilẹ̀ jáde. Orúkọ àti ìwà ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Mo ti ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa lọ bi àwọn àgbà ilé wọn, kí wọ́n kọ orúkọ, ibùgbé àti igbe ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ sínú ìwé kan tí a ń tọ́jú sí kíláàsì. Àwọn orúkọ kan ti wọlé tí àwọn àgbà fúnra wọn ò lè ṣàpèjúwe ẹni tí ń jẹ́ wọn, igbe rẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀. A ń dúró de òjò àkọ́rọ̀ kí a lè lọ sí etí odò lálẹ́, kí a wo èyí tí ń ké bẹ́ẹ̀.